Apá Kíréènì Tó Nà Sí Ọ́fíìsì Ọ̀gá

Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì, Àwòdì ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Àwọn bíríkìlà ti fọ ṣọ́bìrì wọn, àwọn káfíńtà ti kó òòlù sápò, ẹnu géètì ti kún fún èrò, síbẹ̀ obìnrin náà ṣì wà lókè réré, nínú yàrá onígíláàsì kékeré tó máa ń jókòó sí lórí kíréènì. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń retí rẹ̀. Ni wọ́n bá rí i tí apá gígùn kíréènì náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan. Ó kọjá lórí ilé alájà tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ó kọjá lórí òkìtì iyanrìn, ó kọjá lórí ibi tí wọ́n to irin sí, ó wá dúró. Orí ọ́fíìsì ọ̀gá gan-an ló dúró sí. Ó nà sí i tààrà bí ìgbà tí èèyàn bá na ìka sí ẹni tó jẹ̀bi. Àwòdì fa bíréèkì, ó tì í pa síbẹ̀, ó gbé báàgì oúnjẹ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ariwo ti sọ. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ju akoto sókè, àwọn wẹ́dà ń fi irin lu irin.

"Àwòdì o! Àwòdì tí ń wo gbogbo wa láti òkè!"

Obìnrin náà kàn gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá máa wò ó látojú fèrèsé," ó ní. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ wọn ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ ní ìpàdé lọ.

Mi ò ní fi í pamọ́ fún yín: àṣìṣe ni. Kò sí ẹni tó ń wa kíréènì tí kò mọ̀ pé bí èèyàn bá fẹ́ kúrò lórí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tú bíréèkì yẹn sílẹ̀, kí apá náà lè máa bá atẹ́gùn yí. Atẹ́gùn á dé, apá á yà fún un, kálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n bá tì pa ò lè yà fún ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni atẹ́gùn á máa ti gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa tì í, títí ohun gíga náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àtiwó. Àwòdì mọ èyí bó ṣe mọ ojú àwọn ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi í kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́ kedere lọ́jọ́ náà, inú ń bí i, orí rẹ̀ sì wú. Ó fẹ́ kí apá yẹn dúró síbẹ̀, kí ọ̀gá máa rí i bó bá ń wọlé, kó máa rí i bó bá ń jáde.

Ọkọ rẹ̀ ni Onífèrè. Òun ló máa ń dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú fèrè lẹ́nu àti wọkí-tọkí lọ́wọ́, tí á máa darí ìyàwó rẹ̀: gbé e sókè, rọra, yí i sọ́tùn-ún, dúró. Nílé, Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe ara wọn. Lẹ́nu iṣẹ́, àwọn bíríkìlà ò jẹ́ kí ọkùnrin náà sinmi. Wọ́n ní òun nìkan lọkọ tó ń pàṣẹ fún ìyàwó láti òwúrọ̀ dalẹ́ tí ìyàwó sì ń gbọ́. Wọ́n á tún ní kó tó lè rí ojú ìyàwó ọ̀hún, ọrùn á kọ́kọ́ ro ó. Onífèrè kì í bínú.

"Ẹ̀yin tí ìyàwó yín wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀," á ní, "ṣé wọ́n ń gbọ́ tiyín?"

Ẹnì kan ṣoṣo tún wà tó ń wa kíréènì náà, Kékeré. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí ọkùnrin náà ga, ó fẹ̀, ó sì ní láti fẹ̀gbẹ́ kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwòdì ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó mú un bí àbúrò, ó bá a wí bí àbúrò, nígbà tí Kékeré sì di ọ̀jáfáfá, òun ló kọ́kọ́ ń fi í yangàn kiri. Wọ́n wá jọ ń pín iṣẹ́ náà ṣe, bí ọ̀kan bá gòkè láàárọ̀, èkejì á gòkè lọ́sàn-án.

Ṣáájú ìyanṣẹ́lódì náà, ọ̀sán tí Kékeré wà lókè ni àrá dé. Ó gbọ́ ọ tó ń kùn lókèèrè, ó sì ṣe ohun tí òfin ibi iṣẹ́ sọ: ó béèrè. "Ọ̀gá, ojú ọ̀run ti yí dà o. Ṣé kí n máa bọ̀?" Òfin ni. Ẹni tó wà lókè ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá tí à ń sọ yìí, gbogbo wọn ń pè é ní Ó-Yá lẹ́yìn, torí kò sí gbólóhùn kan tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ tí ó-yá kò ní sí níbẹ̀. Ó-Yá dáhùn látinú ọ́fíìsì pé, "Ẹyọ kan ló kù. Parí ẹyọ kan yẹn ná, ó yá." Kékeré gbé ẹrù kan yẹn. Ó tún béèrè. Ó-Yá ní ẹyọ kan ṣì kù. Nígbà tó fi máa gba àṣẹ, òjò ti dé, mànàmáná ti ń kọ yẹ̀rì, Kékeré sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àkàbà.

Ìdajì àkàbà ni àrá ti bá a.

Kò kú. Pákó ìsinmi tó wà láàárín àkàbà ló gbà á dúró, Onífèrè àti àwọn wẹ́dà ló sì lọ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó fi di irin mú, kò tún lè dì mọ́ títí dòní. Ẹni tó ń gbé odindi ọ̀pá irin ilé sókè láìmira wá di ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bá de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Wọ́n fi í sẹ́nu géètì pé kó máa ṣí i, kó máa tì í. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, Àwòdì lọ bá a. Ó fẹ́ tù ú nínú, ẹkún ló gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó sunkún tán, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò tún ní tọrọ àyè kó tó lè yè níbí mọ́. Mo ṣèlérí fún ẹ."

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n tìtorí ẹ̀ yanṣẹ́ lódì nìyẹn. Kì í ṣe owó. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá wà lókè, bó bá ti gbọ́ àrá, máa bọ̀ nílẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni má tún gun àkàbà títí àrá á fi dákẹ́. Ó-Yá ní òun á fi kún owó wọn. Wọ́n ní ó ṣeun, àwọn ò béèrè. Ó ní òun á ra aṣọ òjò tuntun fún gbogbo wọn. Àwọn káfíńtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀ láìgba àṣẹ? Ó-Yá fàáké kọ́rí. "Ta ló wá ń jẹ́ ọ̀gá nígbà náà?" ó ní. Àwọn náà fàáké kọ́rí. Wọ́n ní àwọn ò ní ré géètì kọjá títí á fi gbà.

Bí wọ́n ṣe ń jókòó sẹ́nu géètì lójoojúmọ́ nìyẹn, tí wọ́n ń ta ayò, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá láìdáa. Bí Àwòdì bá ti dé láàárọ̀, á gbójú sókè wo apá kíréènì rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Lẹ́yìn ìdùnnú yẹn, nǹkan kékeré kan á gún un lọ́kàn, á sì gbójú kúrò. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òjò ò tíì tó í rọ̀. Ó tún ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá ní òun fẹ́ gòkè lọ tú u, wọ́n á ní òun ti ń ba ìyanṣẹ́lódì jẹ́. Ká sòótọ́, ìtìjú ló ń ṣe é.

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú débi pé àwọn aláyò gbàgbé ẹni tó kàn. Ewé ò mira. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ewé mira lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòdì gbójú sókè, ó rí ìkùukùu dúdú kan tó ti ga lẹ́yìn ilé alájà, ó ń bọ̀, kò sì ṣeré bọ̀. Atẹ́gùn gbá iyanrìn sí wọn lójú. Láti òkè, ó gbọ́ nǹkan kan tó dún jìn-ìn-ìn, bí ilẹ̀kùn àtijọ́ tí ẹnì kan ń fi agbára tì.

Bíréèkì ni. Apá kíréènì fẹ́ yí, kò sì lè yí.

Ojú ẹsẹ̀ ni Àwòdì ti mọ ibi tó máa wó sí bó bá wó. Ọ́fíìsì ọ̀gá ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú akọ̀wé àti àwọn ayàwòrán ilé tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ́fíìsì ni ògiri, lẹ́yìn ògiri sì ni òpópónà: ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, àti yàrá tí ìyá àgbà kan ti ń bá àwọn èèyàn tọ́jú ọmọ wọn kí wọ́n lè rí iṣẹ́ lọ. Ó fi ojú wọn gígùn apá náà. Ó gùn dé gbogbo ibẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, "mi ò tú u sílẹ̀."

Onífèrè ò béèrè kí ni. Ó gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀gá Ó-Yá ti sáré jáde lọ́fíìsì. Fọ́máànù ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó di ọ̀gá, ó mọ ohun tí ariwo yẹn túmọ̀ sí. Àkẹtẹ̀ rẹ̀ fò lọ, kò wojú rẹ̀.

"Àwòdì! Ta ló ti bíréèkì yẹn pa?"

"Èmi ni," obìnrin náà ní, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo géètì lè gbọ́. "Èmi ni mo tì í, ọ̀gá. Mo fi í bú yín ni. Mo sì ṣe àṣìṣe."

"Ó yá, gòkè lọ tú u! Kí lo ń dúró wò? Ó yá, ó yá!"

Àrá sán. Ó ṣì jìn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Àwòdì ò mọ ìgbà tó fi ọwọ́ sínú ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí kíréènì yẹn bá wó, kò sẹ́ni tó máa ní atẹ́gùn ni. Wọ́n á ní Àwòdì ni, òótọ́ ni wọ́n á sì sọ. Ó ro àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó ro bó ṣe yára tó lórí àkàbà, pé òun lè débẹ̀, bóyá òun lè débẹ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu géètì nígbà tí ọwọ́ kan bà lé apá rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún Kékeré ni. Àwọn ìka rẹ̀ tò sí apá Àwòdì láìlè dì í mú. Bí Àwòdì bá kàn gbọn ara rẹ̀, ọwọ́ náà á já bọ́. Kò gbọn ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Kékeré ní, "ẹ ò lọ síbì kankan."

"Bó bá wó ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó wó."

"Àṣìṣe mi ni, Kékeré."

"Mo mọ̀. Irin ni. Wọ́n á ra òmíràn. Ibo ni wọ́n ti ń ta ẹ̀yin?"

Omi yọ lójú Àwòdì, ṣùgbọ́n kò sí àyè ẹkún. Ó-Yá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, òógùn bò ó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo gbà fún yín!" ó ń pariwo. "Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń béèrè pátá, mo ti gbà á! Ṣáà gòkè lọ!"

Àwòdì yíjú sí i. Ara rẹ̀ ti balẹ̀ wàyí, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

"Ẹ ti gbà pé bí àrá bá ti sán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gun àkàbà?"

"Mo ti gbà á! Mo ní mo ti gbà á!"

"Àrá ti sán, ọ̀gá."

Àwòdì ò dúró de ìdáhùn rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó kì í bọ àpò, ó sì kọjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Ẹ gbọ́! Ẹnikẹ́ni ò gòkè. Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀ kúrò. Àwọn wẹ́dà, ọ́fíìsì. Bíríkìlà, ẹ gba òpópónà, ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Kíá!"

Onífèrè fun fèrè rẹ̀. Àwọn tó ti búra pé àwọn ò ní ré géètì kọjá ré e kọjá gìrìgìrì, kò sì sẹ́ni tó rò ó wò pé ìyanṣẹ́lódì ti bàjẹ́. Bíríkìlà kọ̀ọ̀kan gbé ọmọ méjì-méjì sábíyá. Ìyá àgbà ní òun ò lè kúrò láìsí bàtà òun, káfíńtà kan bá gbé e sẹ́yìn tòun ti bàtà. Aránṣọ fẹ́ kó aṣọ oníbàárà, wọ́n bá a kó o. Ọkùnrin kan sáré jáde lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ìdajì orí rẹ̀ ń dán, ìdajì ṣì kún fún irun, ó ń bi gbogbo ẹni tó pàdé pé ta ló máa wá fá èyí tó kù. Àwòdì ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Kíréènì lè wó. Èmi ni mo fà á. Ẹ máa bọ̀." Kò dojú bolẹ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Ó rí i pé bí òun bá ṣe sọ ọ́ tààrà tó ni wọ́n ṣe ń yára jáde tó.

Nígbà tó padà dé géètì, òjò ti ń já wẹliwẹli. Ó ka ojú àwọn èèyàn rẹ̀, ó rí akọ̀wé, ó rí àwọn ayàwòrán ilé.

"Ọ̀gá dà?"

Onífèrè nawọ́ sókè.

Ó-Yá wà lórí àkàbà kíréènì.

Ó ti fi wọkí-tọkí ọ́fíìsì há àyà. "Ó ní bí òun bá jẹ́ kí kíréènì wó, òun náà ò níṣẹ́ mọ́," Onífèrè ní. "Mo dì í mú, ó já ara rẹ̀ gbà. Ó ní òun ti ń gun àkàbà kí wọ́n tó bí mi."

Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Ẹ̀wù funfun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láàárín irin. Níbẹ̀rẹ̀ ó ń yára gùn. Nígbà tó yá, ó ń sinmi lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó kọjá pákó ìsinmi, ó gun díẹ̀ sí i, mànàmáná wá kọ débi pé ojú gbogbo wọn funfun, àrá sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọkùnrin náà rọ̀ mọ́ àkàbà. Kò lọ sókè, kò bọ̀ nílẹ̀. Apá kíréènì ń ké lórí rẹ̀ bí ẹranko.

Wọkí-tọkí ọwọ́ Onífèrè hó.

"Ẹ̀yin... Onífèrè... ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ohùn Ó-Yá tín-ín-rín, kò jọ tirẹ̀ rárá. "Ṣé... ṣé kí n máa bọ̀?"

Kò sí òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ tí kò mọ ìbéèrè yẹn. Láti ẹ̀yìn, ohùn kan sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ sọ fún un pé ẹyọ kan ló kù." Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Àwòdì gba wọkí-tọkí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Òun ló yẹ kó dáhùn; òun ni wọ́n fi ṣe olórí ìyanṣẹ́lódì náà. Ó gbé e dé ẹnu, ó sì wo Kékeré. Òjò ń ṣàn lójú ọkùnrin gìrìwò náà, ọwọ́ rẹ̀ tí kì í dì ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwòdì mọ̀ pé bí òun bá gbé ohun ọwọ́ òun yìí fún un, òun ò mọ ohun tó máa sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ò ní lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á padà. Ó gbé e fún un.

"Ìwọ lo ni ìbéèrè yẹn," ó ní. "Dá a lóhùn."

Kékeré fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, ìgbà díẹ̀ yẹn pẹ́ lójú Àwòdì ju gbogbo ìyanṣẹ́lódì náà lọ.

"Ẹ máa bọ̀, ọ̀gá," Kékeré ní. "Irú ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bi ẹnikẹ́ni."

Ó-Yá ò mira.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀," Kékeré ní, ó ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí Àwòdì ṣe ń sọ ọ́ fún òun nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. "Ẹ má wolẹ̀. Ògiri tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò. Ó dáa. Ẹsẹ̀ òsì. Mo ń wò yín, ọ̀gá, ẹ ò ní já bọ́. Ó yá. Ó yá."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mú un bọ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, títí Onífèrè àti wẹ́dà kan fi sáré lọ gbá a mú nídìí àkàbà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sáré dé géètì. Wọn ò tíì mẹ́sẹ̀ dúró dáadáa nígbà tí gbogbo ojú ọ̀run là, tí iná funfun kan sọ̀ kalẹ̀ sórí kíréènì, tó gba àárín rẹ̀ kọjá láti òkè délẹ̀. Ariwo rẹ̀ gbá wọn láyà. Iná ta sára àkàbà láti orí dé ìdí, títí kan ibi tí Ó-Yá ti rọ̀ mọ́ ọn.

Atẹ́gùn wá dé pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Kíréènì mì tìtì. Àwòdì di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó sì ń bá irin sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ. Bíréèkì ké, ó ké, èéfín yọ lókè, apá gígùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń wọ́ bíréèkì mọ́ra, ó ń yí kúrò lórí aránṣọ, kúrò lórí ọ́fíìsì, títí ó fi kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Ó dúró síbẹ̀. Kò wó.

Wọ́n kàn ń wo ara wọn nínú òjò, tí wọ́n rẹ gbingbin.

Ó-Yá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Kékeré. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé àkàbà yẹn ti gùn tó bẹ́ẹ̀."

"Ó gùn gan-an, ọ̀gá," Kékeré ní. "Ní pàtàkì béèyàn bá ti kọ́kọ́ dúró gbàṣẹ."

Ó-Yá wo ọwọ́ ọkùnrin náà. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò ó dáadáa látọjọ́ tí nǹkan yẹn ti ṣẹlẹ̀, mi ò lè búra. Ó ní, "Má bínú sí mi." Ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sókè. Kékeré ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun ti gbàgbé, torí kò tíì gbàgbé.

Nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ tán, tí àrá ti dákẹ́ pátápátá, Àwòdì dìde. "Mo fẹ́ gòkè," ó ní fún àwọn èèyàn rẹ̀. "Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀gá ni mo fẹ́ lọ ṣe o. Àṣìṣe mi ni mo fẹ́ lọ tún ṣe." Wọ́n ní kó máa lọ. Ó gun àkàbà tútù náà, ó rí ibi tí irin ti jó dúdú níbi tí àrá ti bá Kékeré, ó sì rí òmíràn níbi tí ọ̀gá ti rọ̀ mọ́ ọn. Ó wọ yàrá onígíláàsì rẹ̀, ó sì tú bíréèkì tó ti jó náà sílẹ̀. Apá náà yí díẹ̀, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó na ara lẹ́yìn oorun.

Ọjọ́ kejì, Ó-Yá dúró sẹ́nu géètì, ó sọ òfin tuntun náà fún wọn lẹ́nu ara rẹ̀, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kékeré ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ wa kíréènì. Àwọn bíríkìlà ní ó dáa, ó kéré tán, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, òjò ò ní pa á.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí àrá tó tún sán. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Àwòdì wà lókè, iṣẹ́ ń lọ bí omi, ẹrù irin tó gbẹ̀yìn sì wà lẹ́nu ìkọ́, ó kù díẹ̀ kó dé ibi tó ń lọ. Ó gbọ́ àrá, kékeré, lókèèrè. Láìrò tẹ́lẹ̀, ohùn kan sọ nínú ara rẹ̀ pé: ẹyọ kan ló kù. Parí ẹyọ kan yẹn ná. Ohùn ara rẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọ̀gá. Ẹnu yà á, ó sì rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Ó yí apá náà padà, ó gbé irin náà sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn níbi tí kì í ṣe ibi tirẹ̀. Ó tú bíréèkì. Ó gbé báàgì rẹ̀.

Wọkí-tọkí hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ̀. Ohùn Ó-Yá ni. "Àwòdì! Ó yá, máa bọ̀ nílẹ̀!"

Àwòdì ò dá a lóhùn. Ó ti kọjá ìdajì àkàbà.